Àmín Kì í Ṣe Ìbò

Ìbò káńsẹ́lọ̀ tó kọjá yìí ni mò ń sọ, èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ Festac fi ń bú wa pé a sùn. A ò sùn o. Èmi gan-an, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dijú.

Àǹtí Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, la fà kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ sọ ilé ìwòsàn kékeré tí àwọn aboyún àdúgbò wa ń lò di ibi ìgbọ́kọ̀sí tírélà. Ìdí tó fi jáde kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Adéníyì, alága ẹgbẹ́ wa, ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba nígbà kan, ní kí a wádìí bóyá àwọn ènìyàn á dìbò fún wa. Ibo ló ti wádìí? Níbi àdúrà tí wọ́n ń ṣe nílé rẹ̀. Ènìyàn méjìlá ló wà níjókòó.

"Ṣé ẹ ó dìbò fún Àǹtí Fọlákẹ́?"

"Àmín!"

Ìyá kan ṣoṣo ló rọra ní òun ò ní jáde nílé lọ́jọ́ náà. A rẹ́rìn-ín, a ní ọ̀lẹ ni.

"A ti wọlé," ni Bọ̀dá wí.

Dúpẹ́, ọmọ àdúgbò tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bi ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n ń rà, mi orí. "Dádì, méjìlá kéré jù. Ohùn ẹnì kan lè ṣì wá lọ́nà. Tí a bá bi igba, tibí tọ̀hún, òótọ́ á fojú hàn."

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo tì í lẹ́yìn: "Igi kan kì í dá igbó ṣe."

Bọ̀dá dárúkọ mi, ó ní, "Sámù, ẹ̀yin aláìnígbàgbọ́, ẹ lọ bi wọ́n!"

Èmi àti Dúpẹ́ lọ, láti Festac dé Agboju, títí dé Ijegun-Egba. Àwọn tó fẹ́ wa pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá ọjọ́ àdúrà yẹn ni mo tún ń gbọ́ lẹ́nu tíṣà, lẹ́nu télọ̀, lẹ́nu fọkanáísà: "Wọ́n ti wá kìlọ̀ fún wa. Èmi ò ní jáde." Ta ni "wọ́n"? Ẹni tí mo bi á wo ẹ̀yìn mi, á rọra ti ilẹ̀kùn. Láàárín méjìlá, ọ̀lẹ kan ni. Nígbà tí a fi máa bi igba, kì í ṣe ọ̀lẹ mọ́.

Ní Ijegun-Egba, ọkùnrin méjì orí ọ̀kadà dúró tì wá. "Bàbá, ẹ ò tíì bi àwa."

"Ta lẹ̀yin náà fẹ́?"

"Àwa fẹ́ kí ẹ tètè délé."

Mo tètè délé. Orúnkún tó ti ń ro mí láti ọjọ́ pípẹ́, ara rẹ̀ yá pátápátá. Dúpẹ́ ò lè sáré bá mi.

A jábọ̀. A ní kí a máa kó àwọn olùdìbò jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá rìn. Bọ̀dá ní, "Ẹ̀rù lẹ lọ kó wá. Àwọn tèmi ti ṣe Àmín."

Lọ́jọ́ ìbò, a ò gbọ́ ìró ìbọn. Ẹnikẹ́ni ò na ẹnikẹ́ni. Títì kàn dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú kúrò nínú rẹ̀. Nínú àwọn oní-Àmín, mẹ́rin ni mo rí. A fìdí rẹmi.

Tírélà ló ń sùn báyìí níbi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Ohun tí a jèrè ò ju ọgbọ́n lọ, ó sì wọ́n. Ìyá yẹn la ṣì jẹ ní gbèsè: a bi í pé ta ló fẹ́, a ò bi í pé ta ló dẹ́rù bà á.

Ìbò mìíràn ti ń bọ̀. Lánàá, Dúpẹ́ kan ilẹ̀kùn mi.

"Bàbá, mo ti bi ènìyàn mẹ́wàá. Ẹnì kan ní òun ò ní jáde."

Mo wo orúnkún mi, ó ti ń ro mí tẹ́lẹ̀. Mo wọ bàtà, mo ní kó mú mi lọ bi onítọ̀hún ta ló dẹ́rù bà á.