Igun Kẹrin Aṣọ Ìyàwó Gáàdì

Iṣẹ́ aṣọ títẹ̀ ni mo kọ́ ní Manigri, láyé ìgbà tí àwọn Faransé ń pàṣẹ fún wa. A ó fín àmì sójú igi pẹlẹbẹ, a ó tì í bọ omi èèpo igi ìrà tí a sè títí tó fi ki bí oyin, a ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun. Ọ̀gá mi, Ìyá Àsàbí, kì í jẹ́ ká tẹ igun kẹrin. Funfun là ń fi í sílẹ̀.

"Ibẹ̀ ni aláṣọ ń gbà jáde," ló máa ń wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mi ò rí rẹ́rìn-ín sí láyé yìí?

Gáàdì kan, ọlọ́pàá àwọn Faransé, wá láti Bassila, ó dé fìlà pupa bí àkùkọ tó ń wá ìjà. Ó fẹ́ aṣọ fún ìyàwó rẹ̀, kò sì fẹ́ ojú funfun kankan níbẹ̀.

"Àbí ìlàjì iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe ní Manigri?"

Ọ̀gá mi ò sí nílé. Mo tẹ igun kẹrin.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó padà wá láìdé fìlà. "Ìyá, ẹ dákun. Ìyàwó mi ró aṣọ náà, kò tú mọ́. Ọ̀bẹ mi ò ràn án."

Ọ̀gá mi wò mí, kò bú mi. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Ọ̀sán gangan la dé Bassila. Ìyàwó jókòó lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí òkúta odò. Ó ń fi ìka tọ àwọn àmì ara aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé igun kẹrin, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé, kò jẹ, kò mu.

"Ìyàwó, kí lò ń wá?" ni mo bi í.

"Ọ̀nà."

Ìyá Àsàbí na ọ̀bẹ sí mi. "Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ni yóò gé e."

Mo gé igun náà. Ìka rẹ̀ dé etí aṣọ, ó dúró. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọrí nínú omi, aṣọ sì tú fúnra rẹ̀. Ó ní ká fún òun lómi.

Gáàdì gbé aṣọ sókè. "Ó mà ti kúrú."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́," ni ọ̀gá mi wí, "ṣé òun náà kúrú?"

Mo rẹ́rìn-ín títí a fi jáde ní Bassila. Ìgbà náà ni mo la ọwọ́ mi wo igun tí mo gé, tí mo dì mú. Ó funfun báláú. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni àmì ara rẹ̀ ṣí lọ, ọṣẹ dúdú ò sì bó o di òní.

Bí oníbàárà bá ń bá mi jà pé mo fi igun kan sílẹ̀, mi ò ṣàlàyé. Mò ń la ọwọ́ hàn án ni. Wọn kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.