Mọ́ládé àti Eṣinṣin Inú Bàrà

Nígbà tí Mọ́ládé fi sáré dé oko lẹ́yìn ìlú Tẹ̀dé, àáké ti wà léjìká Ládòkun. Àbúrò baba rẹ̀ ni Ládòkun, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Lọ́dún 1978 yìí, Mọ́ládé ti di òṣìṣẹ́ ìjọba nídìí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Ìyá Eṣinṣin ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí kòkòrò tó fò kọjá tí kì í wádìí ẹbí rẹ̀.

"Ìdin ti ba bàrà mi jẹ́ tán," Ládòkun ní. "Inú mángòrò Àwáwù ni eṣinṣin wọn ti ń wá. Lónìí ni mo máa gé gbogbo igi náà lulẹ̀."

Opó tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ládòkun ni Àwáwù, igi wọ̀nyí sì ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó fẹ̀yìn ti èyí tó tóbi jù. Àwọn ọmọ Ládòkun di àdá mú.

Mọ́ládé kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n ná."

"Kí lo fẹ́ wò? Ṣé eṣinṣin kọ́ ni gbogbo wọn?" Ládòkun sọ àáké kalẹ̀. "Tí wọ́n bá fi lè jẹ́ ọ̀kan náà, o ò ní bẹ̀ mí mọ́."

Mọ́ládé kó bàrà jíjẹrà sínú ìgò kan, ó kó mángòrò jíjẹrà sínú òmíràn, ó da yanrìn sísàlẹ̀ wọn kí ìdin lè ríbi wọ̀ di eṣinṣin, ó fi aṣọ bò wọ́n lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Ó mọ̀ pé eṣinṣin kan wà tí í jẹ oríṣiríṣi èso. Bó bá jẹ́ òun ló jáde nínú ìgò méjèèjì ńkọ́? Àwáwù a máa wá, a wo ìgò, a sì padà sídìí igi rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìdin inú ìgò hùyẹ́ di eṣinṣin, gbogbo wọn péjọ. Mọ́ládé gbé díńgí tí í mú nǹkan tóbi lé wọn lórí. Ó wò wọ́n, ó tún wọn wò, kó tó mí kanlẹ̀.

"Ẹbí ni wọ́n, Bàbá. Baba ńlá kan ló ṣẹ̀ wọ́n láyébáyé, ṣùgbọ́n ojúlé ti yà. Ẹ wo èyí tó ti inú bàrà jáde: ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti agbọ́n, ikùn rẹ̀ sì lẹ̀ pọ̀ di odidi kan. Ti mángòrò, ìpele ìpele ni ikùn tirẹ̀, àbàwọ́n sì wà níyẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí kì í bí ọ̀hún."

Ládòkun gba díńgí. Ó wo ti bàrà, ó wo ti mángòrò.

"Níbo wá ni tèmi ti wá?"

"Inú bàrà jíjẹrà tí ẹ fi sílẹ̀ lóko lésìí ni, Bàbá."

Ojú Ládòkun pọ́n. "Níwájú gbogbo ayé, Mọ́ládé?" Ó gbé àáké rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Inú Mọ́ládé kò lè dùn. Ẹni tó tọ́ ọ ló dójú tì.

Ládòkun ò dáhùn ìkíni rẹ̀ títí ọdún fi yí po. Lásìkò bàrà tó tẹ̀ lé e, Mọ́ládé ń kọjá, ó rí i tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ kòtò, wọ́n ń ri bàrà jíjẹrà mọ́lẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Ó nàró, ó nu òógùn ojú. "Ṣé ó jìn tó báyìí?"

"Ẹ ṣì gbẹ́ ẹ díẹ̀ sí i," ni Mọ́ládé wí.