Ìgbẹ́ Àgbò àti Ẹ̀wà Bàbá Fàsásì

Ọdún Iléyá ni gbogbo àdúgbò Hanoukopé ní Lomé fi mọ Bàbá Fàsásì. Bàṣírù, aládùúgbò wọn, pa àgbò tán, ó gé itan fún wọn. Bàbá tì í sẹ́yìn.

"Ohun tó wà nínú ṣàkì ni kó o fún mi."

"Ìgbẹ́ kẹ̀, Bàbá? Ẹran rèé!"

"Ẹran tìẹ, ìgbẹ́ tèmi. Gbá tilẹ̀ ìso rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni máa tọrọ kì í tọrọ àbọ̀."

Wọ́n gbé korobá ìgbẹ́ délé. Sàfúrátù ìyàwó wọn ti gbé ìkòkò kaná, ó ń retí ẹran. Ilá ni wọ́n fi ṣọdún.

Ẹ̀wà ló fà á. Òyìnbó Faransé kan pín irúgbìn ẹ̀wà sóyà ládùúgbò, ó ní tútù ni wọ́n ń bọ̀ ọ́ jẹ, tòun tèèpo. Àwọn yòókù da tiwọn fádìẹ. Bàbá ní àwọn á gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Yanrìn lásán ni ẹ̀yìnkùlé ọ̀hún. Omi téèyàn bá dà síbẹ̀, kó tó yíjú padà, ó ti dókun.

Madeleine, onílé wọn, fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Fofo ló ń pe Bàbá, bí àwọn Mina ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n.

"Fofo, tí òjò bá dá tí mi ò jẹ ẹ̀wà, mo gba ilẹ̀ mi."

Omi tí wọ́n fi fọ ẹja oníyọ̀ ni Bàbá kọ́kọ́ lọ bù létíkun. Wọ́n ní ohun tó ń gbé èèyàn ró á gbé ẹ̀wà ró. Ewé pọ́n, ó kú.

Sàfúrátù wò ó títí. "Ẹ ti fiyọ̀ sí i. Ó ku ata."

Wọ́n tún un gbìn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kó ìgbẹ́ àgbò, eérú àti ewé gbígbẹ jọ, wọ́n fi ẹní bò ó kó jẹrà. Àlejò tó bá dé, àfi kó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Ṣó gbóná?"

"Ó gbóná, Bàbá."

"Kò tíì jinná nìyẹn. Tó bá gbóná, á jó gbòǹgbò."

Nígbà tó yá, ojú títì làwọn èèyàn ti ń kí wọn: "Bonjour, Bàbá! Ó gbóná o!" Wọ́n á sáré kọjá.

Ìgbà tó tutù, tó dúdú, tí kò rùn mọ́, ni wọ́n pò ó mọ́ yanrìn. Ẹ̀wà gbéra, ó so wọ̀ǹtìwọnti.

Òjò dá. Madeleine mú bíríkìlà dé. Sàfúrátù gbé abọ́ ẹ̀wà síwájú ẹ̀. Madeleine fi eyín fa ọ̀kan yọ nínú èèpo. Ó tún mú ọ̀kan. Ó jókòó.

"Màdámù, ibo ni ká wọ̀n?" Bíríkìlà ti na okùn.

"Fokùn ẹ sápò. Jókòó, jẹun."

Ọdọọdún ni Bàbá ń gbìn ín lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún yìí, wọ́n gbìn ín, wọn ò bá a kórè.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú Bàbá, Sàfúrátù gbọ́ tí nǹkan ń dún lẹ́yìnkùlé. Ó rò pé onílé ti wá gba ilẹ̀. Madeleine ló bá lórí ìkúnlẹ̀, ó ká ìró sórúnkún, ó ń fa koríko, ó ń bú Bàbá.

"Fofo, olóríkunkun! Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ? Ẹ̀wà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná ni!"

Sàfúrátù bú sẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sápá kejì ebè, ó ń fa tiẹ̀.