Ọwọ́ Ìyá Ràfíù Nínú Ilé Eku

Rábíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìyèrú Òkín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ìyá Ràfíù ti àdúgbò Trikania ní Kàdúná, afínjú tí í gbá ojú títì mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ tó bá eku jìjàkadì títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí eku kan ò gé e jẹ rí. Ó ti lọ. Èmi Sámúẹ́lì ará Kàbbà, ẹni tí Àbẹ̀kẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo wá ń pe oríkì rẹ̀ yìí. Ká ní ó ń gbọ́ ni, ì bá ní mo ti ṣì í pè.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Kàdúná la ti jọ ṣiṣẹ́, láwọn ọdún tó tẹ̀ lé 1990. Òun ló ń tọ́jú eku funfun. Èmi ń tọ́jú ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá wa ni Dókítà Dánjúmá, Haúsá tó ti gbé Ìlọrin rí, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ń wádìí oògùn kan tí kì í jẹ́ kí oyún dúró. Kò ní hóómònù nínú bí èyí táwọn obìnrin ń gbà nílé ìwòsàn. Ara eku ló ṣì ń dán an wò.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa rèé: "Ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò tíì rí ibi fara mọ́ nínú ilé ọmọ. Àlejò ni. Oògùn yìí á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Torí náà, òwúrọ̀ tó bá ti hàn pé akọ ti gun abo ni Ìyá Ràfíù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóògùn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ olórí roboto tí a ń tì bọ ẹnu, tí kì í gún ọ̀fun. Ìdajì mu oògùn, ìdajì mu omi lásán. Èyí tó mu oògùn, a fi aró aláwọ̀ ìyeyè sí i lórí. Èyí tó mu omi, a fi sí i nídìí. Tó bá yá, Dókítà á pa wọ́n, á wo inú wọn. Ilé ọmọ eku ní apá méjì bí ẹ̀ka igi. Tí oyún bá dúró, wàá rí wọn kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Tí kò bá dúró, okùn lásán ni.

Wọ́n wá ní àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa. Ìyá Ràfíù ní àlejò ò ní bá òun nínú ìdọ̀tí. Ó pọn omi, ó gbé e kaná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, ó wẹ gbogbo eku pátá, ó fi aṣọ ìnura nù wọ́n gbẹ. Wọ́n funfun bí òwú. Orí ò láró, ìdí ò láró.

Dókítà wọlé, ó dúró gbagidi.

"Kai! Rabi, mene ne wannan? Kí lèyí?"

"Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe mọ́, Dókítà?"

"Èwo ló mu oògùn nínú wọn?"

Ìyá Ràfíù wo eku. Eku wo Ìyá Ràfíù.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró, ọ̀gá. Èyí tó bá bímọ, òun ló mu omi."

Dókítà káwọ́ lérí. "Haba, Sámù! Ohun tí mò ń wá ìdáhùn sí gan-an lo fẹ́ fi dáhùn!"

Àlejò dé, kò rí nǹkan wò ju eku tó wẹ̀ lọ. Dàrẹ́kítọ̀ ilé iṣẹ́ wa bínú, ó ní kí Ìyá Ràfíù lọ jókòó sílé, òun á wá ẹlòmíràn. Ibẹ̀ lẹ̀rín ti tán. Wọ́n ti dá Lásísì ọkọ rẹ̀ dúró níbi iṣẹ́ aṣọ híhun. Iṣẹ́ eku yìí nìkan ni gbogbo ilé gbójú lé. Ìyá Ràfíù ká aṣọ ìnura eku, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Sámù, bá mi tọ́jú wọn. Má fojú ewúrẹ́ wò wọ́n o."

Ojú ewúrẹ́ náà ni mo fi wò wọ́n. Ìwo àti okùn lọwọ́ mi mọ̀. Ìrù ni mo fi ń fa eku jáde, mò ń gbá ilẹ̀kùn kéèjì pàrà, rédíò mi ń ké lórí fèrèsé. Àmọ́ a fi aró sàmì sí eku tuntun, mo fún wọn lóògùn bó ṣe yẹ, mo fún wọn lómi bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí Dókítà yẹ inú wọn wò, àwọn tó mu oògùn, okùn lásán. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣí àwọn tó mu omi: okùn lásán náà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

"Ṣé o ò fún gbogbo wọn lóògùn, Sámù?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, ọ̀gá, rárá."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Bí mo ṣe nawọ́ sí kéèjì, gbogbo eku kóra jọ sí igun, wọ́n ń han.

"Dúró ná. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún Rabi nìyí?"

"Rárá o. Fúnra wọn ni wọ́n ń gun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní oyún tuntun ò tíì di nǹkan mú. Ìpayà ojoojúmọ́ nìkan tó láti já a bọ́. "A ò lè mọ ohun tí oògùn ṣe, nítorí ọwọ́ rẹ náà ń ṣiṣẹ́ oògùn."

Ohun tó lọ sọ fún dàrẹ́kítọ̀ nìyẹn, dàrẹ́kítọ̀ sì gbà. Dókítà gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀, ó di Trikania. A bá Ìyá Ràfíù níta tó ń gbálẹ̀.

"Rabi, don Allah, padà wá. Ọwọ́ Sámù ń ṣẹ́yún fún eku."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú omi náà. Láti ọjọ́ yẹn, Oògùn ló ń pè mí. "Oògùn, ṣé o jí ire?" Níwájú ìyàwó mi, níwájú pásítọ̀ wa ní Barnawa, kò mọ ojú.

Etí eku la wá ń sàmì sí, ibi tọ́ṣẹ ò lè pa rẹ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú wọn. "Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóòórùn ọwọ́ rẹ. Ki ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn rẹ̀. Má dì í mú gírígírí. Gbé e bí ẹni tó gbé nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀." Nígbà tí Dókítà tún yẹ̀ wọ́n wò, ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú àwọn tó mu omi, okùn lásán ló wà nínú àwọn tó mu oògùn. Ó pariwo débi tí Ìyá Ràfíù fi lé e jáde pé ó ń dẹ́rù ba eku.

Ọjọ́ tí Ìyá Ràfíù jáde láyé, Ràfíù ọmọ rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Bàbá Oògùn, ẹ wá bá wa gbé Màmá." Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ àga òkú, mo gbé e jẹ́jẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, la sin Rábíátù Àbẹ̀kẹ́ sí Kàdúná.