Ọ̀dà Tí Baba Akunlé Fi Kun Ilé Ìmọ́lẹ̀

Ẹ wo Baba Akunlé lónìí, ẹ ó ní bàbá jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ kọ́ o, àbámọ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́.

Òun ló ń kun ilé ìmọ́lẹ̀ etí òkun, ilé gíga tí iná orí rẹ̀ ń fọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi. Obìnrin tó ya àwòrán ilé náà, Màmá Ayàwòrán, ló gbà á síṣẹ́. Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun báláú. Màmá sì kìlọ̀ fún un: "Ẹfun nìkan o, lọ́dọọdún, kí omi tó bá wọ ògiri lè máa gbẹ jáde. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà olóròóró láé."

Ọdún mọ́kànlá ló fi rọ̀ dirodiro lórí okùn, tí atẹ́gùn òkun ń fì í bí aṣọ tí wọ́n sá. Lọ́dún kejìlá, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ra ọ̀dà olóròóró, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Háà, ó dán! Ó tiẹ̀ ń yangàn nílé: "Ìyá àwọn ọmọ, mo bọ́ lọ́wọ́ okùn fún ọdún mẹ́wàá!"

Omi oníyọ̀ há sínú ògiri, kò rọ́nà jáde. Irin inú rẹ̀ dípẹtà, ó wú, kọnkéré bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́.

Nígbà tí ìjọba pèpàdé bóyá kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n wó o, àwọn ẹnjiníà ní àwòrán ló lábùkù. Màmá dìde, ó ní: "Bóyá mo ṣe ògiri náà ní tínínrín jù. Ẹ̀bi mi ni." Baba Akunlé wà níjòókòó ẹ̀yìn, ojú ń tì í. Ọlọ́run mi, irú ìtìjú wo nìyí! Gbólóhùn kan péré ni, kò sọ ọ́. Wọ́n wó ilé náà, wọ́n kó àwókù rẹ̀ dà sókun.

Ìgbà tí wọ́n wó o tán ló tó lọ bá Màmá nílé. Màmá ń ká àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo sínú páálí, ó ní òun ò ní ya ilé kankan mọ́. Baba Akunlé kúnlẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo bà á jẹ́. Ọ̀dà olóròóró ni mo fi kùn ún. Kò sí àbùkù kankan nínú àwòrán yín."

Omijé lé Màmá lójú, ó fà á dìde.

"Baba Akunlé, ẹ má parọ́ mọ́ ara yín torí àtitù mí nínú. Ẹ̀yin tí ẹ rọ̀ sórí okùn lọ́dọọdún nítorí ilé mi? Irú yín kọ́ ló máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Baba Akunlé búra, ó tún búra, ó bú sẹ́kún. Màmá ní ó tó, kó má sunkún mọ́, kó kúkú wá bá òun di páálí náà. Ó sì bá a dì í.