Ọkùnrin Tó Fẹ́ Kí Ọkàn Òun Sún Kì Bíi Ti Òjòlá

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ ejò tọ́jú, ẹ lọ sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà, níbi tí yàrá tó gbóná jù wà. Bàbá Olójòlá ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fọ àgò, òun ló ń pààrọ̀ omi, òun náà ló ń ju eku sí àwọn òjòlá tí Dókítà fi ń ṣe ìwádìí. Dókítà yìí, obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kì í pariwo. Wọn kì í jà, torí àwọn méjèèjì ti gbà pé ejò nìkan ló láṣẹ láti bínú nínú yàrá yẹn.

Ọkàn òjòlá ni wọ́n ń wò. Bí òjòlá bá ti pẹ́ tí kò jẹun, iná inú ara rẹ̀ á rẹlẹ̀ bíi ti àtùpà tí epo ń tán lọ nínú ẹ̀. Ọkàn á máa lù jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna. Àmọ́ tó bá ti gbé odidi ẹran mì, iná á ru. Ẹ̀jẹ̀ á kún fún ọ̀rá títí á fi funfun bíi mílíìkì, ọkàn á máa sáré, nígbà tó bá sì fi máa di ọjọ́ kẹta, ọkàn náà fúnra rẹ̀ á ti tóbi sí i. Bí oúnjẹ bá dà tán, á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Bàbá a máa di òjòlá mú lórí tábìlì, Dókítà á fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún wò ó. Ojú ara rẹ̀ ni Bàbá fi rí i, kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún un.

Wàyí o, Bàbá náà ní ọkàn. Ilé ìwòsàn ti ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ní ó ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó máa lò ó títí ayé. Títí ayé! Ọkàn ejò tí kì í gbàdúrà ń sún kì fúnra rẹ̀, tòun wá ni yóò máa gbé oògùn mì títí ayé? Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò sì bi Dókítà, nítorí ẹni tó bá béèrè lè gbọ́ ìdáhùn.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bàbá ní tòun, bí oúnjẹ bá kúrò nínú àìsàn, àìsàn bùṣe. Ó ti oògùn sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí òjòlá: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó bá sì jẹ ẹ́ tán, omi nìkan ló ń mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ilé ọkọ rí, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Obìnrin tó ti ń se oúnjẹ fún ọkùnrin kan láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, tó wá ń gbé àwo padà bó ṣe gbé e wá, kò ní ronú kan àìsàn.

“Baálé mi, ọbẹ̀ yìí ò dùn ni?”

“Ó dùn. Mo ti yó ni.”

“Níbo lẹ ti yó?”

“Níbi iṣẹ́.”

“Àwọn ejò ti ń dáná báyìí?”

Bàbá wo ògiri.

“Mi ò mọ orúkọ ẹ̀,” ni ìyàwó ń wí, “àmọ́ ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé oúnjẹ tó ń fún yín ò lọ́ràá. Ẹ̀ ń rù.”

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti jẹ́wọ́. Àmọ́ ká má parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn díẹ̀. Eyín ti ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń jowú nítorí rẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìyàwó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ń lọ sí ilé àkọ́bí wọn obìnrin. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lé orí tábìlì.

“Ẹ fún un,” ló wí, ó sì jáde.

Bí kò ṣe sí ẹni tó ń gbé àwo wá mọ́ nìyẹn, ebi wá rọrùn. Ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí Bàbá, ó ń dì í ní okùn, inú rẹ̀ ń dùn: bí ìdí bá ń kéré, ọkàn náà á máa kéré. Títí di àárọ̀ ọjọ́ tó ń gbé òjòlá tó tóbi jù sórí tábìlì. Ẹran inú òjòlá náà ò tíì dà. Ojú Bàbá ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó lulẹ̀ pẹ̀lú ejò láyà. Ejò ò bù ú jẹ. Ó yó jù láti bínú.

Dókítà ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n tún ya àwòrán. Nígbà tí Bàbá lajú, Dókítà ló jókòó tì í.

“Dókítà, ṣé ó ti sún kì?”

“Kí ló sún kì, Bàbá?”

Ó wá ṣàlàyé. Dókítà gbọ́ ọ dópin láìrẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn.

“Bàbá, ara ọkàn òjòlá le. Iṣẹ́ ló dé bá a, ó fẹ̀ láti fi ṣe é, iṣẹ́ tán, ó padà. Tiyín, àárẹ̀ ló mú un fẹ̀. Ebi ò lè wo ohun tó ti rẹ̀ sàn.” Ó na àwòrán náà sí i. “Gbogbo ara yín ló ti kéré. Ọkàn yẹn nìkan ni kò kéré. Ó tún tóbi sí i. Oògùn tẹ́ ẹ tì sábẹ́ aṣọ yẹn ni ì bá dì í mú.”

Ìyàwó rẹ̀, tí Dókítà ti ránṣẹ́ sí, ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́.

“Kò wá sí obìnrin kankan?”

“Kò sí,” ni Bàbá wí.

“Ejò lẹ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀?”

Bàbá fa aṣọ ìbora bo àyà.

“Ì bá sàn kó jẹ́ obìnrin. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lé obìnrin jáde. Ẹ wá ń ṣàìsàn nínú ilé tí mo wà, ẹ jẹ́ kí n máa bá ẹni tí ò sí jà.”

Ó jókòó, ó ṣí abọ́ tó gbé wá, ó bu ìrẹsì sí ṣíbí.

“Ẹ ya ẹnu.”

Ó yanu. Obìnrin náà ń bọ́ ọ, kò wo ojú rẹ̀. Nígbà tí abọ́ ṣófo, ó nu ṣíbí, ó dìde. Ó ní òun á gbé oúnjẹ wá lọ́la, àti lọ́tùnla, títí wọ́n á fi ní kó máa lọ, òun á sì máa dúró wo oògùn kó tó dé ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àkọ́bí àwọn ni òun á ti máa wá.