Ẹ̀rí Onígbàjámọ̀

Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, Ọ̀gá Sinimá là ń pè é. Bí kílípà bá ti ń pariwo lórí oníbàárà, fóònù rẹ̀ á kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, á máa ká fíìmù onífíìmù sílẹ̀. Tó bá ká a tán, á lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn, á gbé e sórí ìkànnì fídíò, á wá máa yan bí ẹni tó ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, olè mìíràn jí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà gbé níbẹ̀, ó sì pa orúkọ onígbàjámọ̀ wa rẹ́. Ọ̀gá Sinimá figbe ta: "Wọ́n ti jẹ òógùn ojú mi!"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbejì, òógùn ojú ta ni?"

Ọkọ rẹ̀ ti ń tẹ fóònù. Ó fẹjọ́ sun àwọn tó ni ìkànnì. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá. Ló bá kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹ tẹ́tí dáadáa, ariwo kílípà mi wà nínú rẹ̀." Ó tún fi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù tì í.

Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe fíìmù gan-an. Àwọn yẹn ló fèsì: "Fíìmù wa bí ogójì la ti gbọ́ ariwo yẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ júwe ṣọ́ọ̀bù. Lọ́yà wa ń bọ̀ wá gẹrun."